Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ yìí ń dín kù ní gbogbo wákàtí mẹ́fà, ṣé plánẹ́ẹ̀tì ni mo rí àbí ojú mi ló ń ṣe mí?

ỌmọOjúSánmà, Ọjọ́ Ẹtì, 9:47 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì báyìí tí mo ti ń dáńlóòdù dátà Kepler, satẹ́láìtì NASA tó ń wá plánẹ́ẹ̀tì kiri yẹn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbé e síta, ẹnikẹ́ni ló lè mú un. Èyí tí mo mú ni ti K2, ìyẹn iṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì tó ṣe láti 2014 títí di 2018. Wọ́n ní tí plánẹ́ẹ̀tì bá kọjá níwájú ìràwọ̀, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ yẹn máa ń dín kù díẹ̀. Mo ya gíráàfù ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan, mo bá rí i pé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á wá fò padà sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, bí eyín ayùn gẹ́lẹ́. Mo ka àárín wọn, wákàtí mẹ́fà, wákàtí mẹ́fà. N ò purọ́ fún yín, n ò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ti ń ronú orúkọ tí màá sọ ọ́.

Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ mo ṣí ìràwọ̀ kejì. Nǹkan kan náà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Nǹkan kan náà. Ṣé gbogbo wọn ló wá ní plánẹ́ẹ̀tì tó ń fi wákàtí mẹ́fà yí wọn po ni?

Ẹnì kan sọ fún mi pé torí pé satẹ́láìtì yẹn ò dúró jẹ́ẹ́ ni. Ibẹ̀ gan-an ni kò yé mi. Ìmọ́lẹ̀ là ń kà, a ò ya fọ́tò ìgbéyàwó. Tí satẹ́láìtì bá mì díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó wọlé kò ṣáà dín kù, kí ló wá kan mímì?


Àǹtí_Dátà, 10:20 alẹ́

Àbúrò kú iṣẹ́. Kì í ṣe plánẹ́ẹ̀tì, má sunkún. Gbogbo ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí dátà K2 ló máa ń rí eyín ayùn yẹn, èmi náà rí i nígbà tèmi, mo tiẹ̀ ti pe ọ̀gá mi lórí fóònù. Ohun tí o rí ni bí satẹ́láìtì ṣe ń yọ̀ kúrò lójú ibi tó ń wò, tí thruster, ìyẹn ẹnu kékeré tó ń fọn gáàsì, wá ń tì í padà. Wíìlì méjì ló kú nínú mẹ́rin tó ní, màá dé ibẹ̀.

Ìbéèrè ẹ kejì yẹn ló dára jù. Sẹ́ńsọ̀ inú Kepler, ègé CCD 42 ni wọ́n tò pọ̀, píksẹ́lì ibẹ̀, ìyẹn ojú kéékèèké tó ń gba ìmọ́lẹ̀, tó mílíọ̀nù 95. Fi píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ṣe kóńgò, kí o fi ìmọ́lẹ̀ ṣe gàrí. Kò sí kóńgò méjì tó dọ́gba, ọ̀kan ìdí ẹ̀ ti wọnú, ọ̀kan wọ́n ti lu etí ẹ̀. Tó bá jẹ́ kóńgò kan náà lo fi ń wọn gàrí láti àárọ̀ dalẹ́, bó ti wù kí ìdí ẹ̀ wọnú tó, tí gàrí bá dín o máa mọ̀, torí kóńgò ò yí padà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé o ń pààrọ̀ kóńgò, iye tí ò ń kà á máa lọ sókè sódò, bẹ́ẹ̀ gàrí inú àpò ò kúrò lójú kan. Tí ìràwọ̀ bá sún láti píksẹ́lì kan bọ́ sí òmíràn, o ti pààrọ̀ kóńgò nìyẹn. Kódà nínú píksẹ́lì kan ṣoṣo, àárín ẹ̀ máa ń gba ìmọ́lẹ̀ ju etí ẹ̀ lọ.

O wá ní kí ló kan mímì. Tí Ayé wa yìí bá kọjá níwájú Oòrùn, tí ẹnì kan ń wò wá láti ọ̀nà jíjìn, ìmọ́lẹ̀ tó máa dín ò ju ìdá 84 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Bí ẹni pé o ní mílíọ̀nù kan náírà ní báńkì, wọ́n wá yọ náírà 84. Jupiter ni tiẹ̀ tó náírà 10,000, ìyẹn a lè rí i látorí ilẹ̀, ọdún 1999 ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí irú ẹ̀ tó ń kọjá níwájú ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní HD 209458. Ṣùgbọ́n náírà 84! Tí kóńgò ẹ bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ síra, náírà 10,000 ló ń jó lọ jó bọ̀ níbẹ̀ yẹn. Báwo lo ṣe fẹ́ rí 84?


ÌyáOnígàrí, 10:41 alẹ́

Èwo ni gàrí tí ẹ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ láago mẹ́wàá alẹ́ yìí? Àwa tí à ń tà á kì í tẹ ìdí kóńgò o, àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ wà lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Tí kóńgò mi bá sọnù tí mo yá ti aládùúgbò mi, mo mọ̀ pé tiẹ̀ kéré díẹ̀ sí tèmi, mo mọ iye ọwọ́ tí màá bù lé e. Kí ló dé tí àwọn tiyín ò lè mọ kóńgò wọn?


Àǹtí_Dátà, 10:52 alẹ́

Ìyá, ẹ dákun ẹ má bínú sí gàrí. Ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ sọ yìí ni wọ́n kọ sínú ìwé ìwádìí ní 2014? Mo ń bọ̀ lórí ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n gbé ẹ̀rọ yìí sí chárjì.


Bọ̀dáRewire, 11:05 alẹ́

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa plánẹ́ẹ̀tì o, fáànù àti páǹpù ni mò ń rewáyà. "Wíìlì kú" tí Àǹtí sọ yẹn ló jẹ́ kí n dá sí i. Wíìlì kí ló wà lókè ọ̀run níbi tí kò sí títì? Kí ló sì ń yí satẹ́láìtì gan-an, nígbà tí kò sí ilẹ̀ tó máa fi ẹsẹ̀ tì?


Àǹtí_Dátà, 11:31 alẹ́

Bọ̀dá, ẹ̀yin gan-an lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Tí ẹ bá mú grinder lọ́wọ́, ìyẹn máṣíìnì tí wọ́n fi ń gé irin, tí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, kí ló máa ń ṣe fún ọwọ́ yín?


Bọ̀dáRewire, 11:34 alẹ́

Ó máa ń fẹ́ já gbà! Dísìkì ń yí sọ́tùn-ún, ara ẹ̀ ń fẹ́ yí sósì. Haaa. Ó ti yé mi. Ẹ̀yin èèyàn yìí gbọ́n o.


Àǹtí_Dátà, 11:58 alẹ́

Gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Reaction wheel ni wọ́n ń pè é. Mọ́tò iná ló ń yí wíìlì yẹn, bó bá fi iyára kún díẹ̀ báyìí, ara satẹ́láìtì á yí díẹ̀ sí òdìkejì. Kò lo epo, iná sólà ni. Mẹ́ta ló tó láti yí i sí ibi gbogbo, wọ́n fi ẹ̀kẹrin ṣe sípíà. Kepler gbéra ní oṣù kẹta 2009, kò tiẹ̀ yí Ayé po, Oòrùn ló ń yí po tó ń tẹ̀ lé Ayé lẹ́yìn. Ojú kan ṣoṣo ló tẹjú mọ́ fún ọdún mẹ́rin, lágbègbè ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Cygnus àti Lyra, ìràwọ̀ tó lé ní 150,000 ló ń ṣọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ẹ lè mọ bó ṣe dúró jẹ́ẹ́ tó: píksẹ́lì ẹ̀ kan fẹ̀ tó arcsecond mẹ́rin. Arcsecond kan ni bí kóńgò Ìyá tí fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 ṣe máa rí tí ẹ bá dúró sí nǹkan bíi kìlómítà 31 sí i. Gbogbo ìgbà tí wíìlì ṣì pé, ìdá kékeré nínú píksẹ́lì kan péré ni ìràwọ̀ máa ń sún, kò kúrò lórí kóńgò ẹ̀.

Oṣù keje 2012 ni wíìlì kan kú. Ó ku mẹ́ta, iṣẹ́ ń lọ. Nígbà tó di oṣù kìíní 2013, òmíràn tún bẹ̀rẹ̀ sí í fagidi, wọ́n fún un ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá bóyá òróró inú bẹ́árìn á tún pín kárí. Kò gbọ́. Oṣù karùn-ún ọdún yẹn ló dákẹ́. Wíìlì méjì ò lè dá gbogbo ara dúró.


Bọ̀dáRewire, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:15 àárọ̀

Bẹ́árìn! Mo mọ̀. Bí fáànù bá ti ń fagidi báyẹn, bẹ́árìn ni, kò sí nǹkan míì. Èmi ì bá ti fi pọ́là yọ ọ́ kí n gbé tuntun sí i, ẹgbẹ̀rún bíi mélòó péré. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó máa gun àkàbà débẹ̀. Kí ló pa bẹ́árìn náà, ṣé eruku ni?


Àǹtí_Dátà, 8:40 àárọ̀

Ẹ kú òwúrọ̀ o. Eruku kọ́. Kepler nìkan kọ́ ló ṣẹlẹ̀ sí, satẹ́láìtì púpọ̀ ni wíìlì ti kú lára wọn. Àwọn ẹnjiníà kan gbé e jáde ní 2017 pé ìjì tó ń jáde látara Oòrùn ló fà á, ó máa ń kó iná mànàmáná jọ sára satẹ́láìtì, iná yẹn á wá fò gba inú bẹ́árìn kọjá, á máa jó ojú irin àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké inú ẹ̀ jẹ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ mí létí, torí bẹ́árìn tí wọ́n fi seramíìkì ṣe bọ́ọ̀lù ẹ̀ kì í gba iná kọjá.


Bọ̀dáRewire, 8:52 àárọ̀

Wọ́n ò purọ́. Mọ́tò ńlá tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ tó ń yí spíìdì ẹ̀ padà náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá tú bẹ́árìn ẹ̀ ẹ máa rí i tí ojú ẹ̀ ti lá bí ojú irin tí wọ́n fi ń rin iṣu. Ilé iṣẹ́ kan ti gbé irú ẹ̀ wá fún mi rí.


ỌmọOjúSánmà, 10:03 àárọ̀

Mo ń gbádùn yín o. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì sọ ti wákàtí mẹ́fà fún mi.


Àǹtí_Dátà, 11:17 àárọ̀

O ò jẹ́ kí n jẹun.

Ó dáa. Wíìlì ku méjì, méjèèjì lè mú imú satẹ́láìtì dúró lókè-nílẹ̀ àti lọ́tùn-ún-lósì, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń dá a dúró kó má máa yí lórí ara ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá ń yí ọmọrí odó lọ́wọ́. Ìmọ́lẹ̀ Oòrùn ló sì ń yí i. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ìmọ́lẹ̀ máa ń ti nǹkan, títì yẹn kéré gan-an ni, àmọ́ lójú òfuurufú tí kò sí ohun tó ń dí i, díẹ̀díẹ̀ á di púpọ̀.

Àwọn ẹnjiníà NASA àti ti Ball Aerospace tó kọ́ ọ wá ronú kan nǹkan kan. Ṣé ẹ ti di ambúrẹ́là mú nínú atẹ́gùn rí? Tí ẹ bá kọjú ẹ̀ sí atẹ́gùn gan-an, atẹ́gùn á tì yín ṣùgbọ́n kò ní lọ́ ọ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, ó lọ́ nìyẹn. Wọ́n wá gbé Kepler sí ipò tí Oòrùn á fi bọ́ sí àárín ara ẹ̀ gẹ́lẹ́, kí títì ọ̀tún àti òsì lè dọ́gba. Oòrùn tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ni wọ́n sọ di wíìlì kẹta. Ìyẹn ni K2. Ìdí tí kò fi lè wo Cygnus mọ́ nìyẹn, ojú ọ̀nà tí Oòrùn ń tọ̀ lójú ọ̀run nìkan ló lè wò, nǹkan bí ọgọ́rin ọjọ́ lójú kan, kó tó ṣí lọ síbòmíràn kí Oòrùn má baà wọ inú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò lè dọ́gba tán pátápátá. Ó máa ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀, tó bá tó wákàtí mẹ́fà thruster á fọn gáàsì díẹ̀ kó lè padà sáyè ẹ̀. Eyín ayùn ẹ rèé: ó ń yọ̀, kóńgò ń pààrọ̀, ìmọ́lẹ̀ ń "dín", thruster fọn, ìmọ́lẹ̀ "fò padà".

Tí o ò bá gbà mí gbọ́, ṣe nǹkan méjì fún mi. Wo ibi tí ìràwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú àwòrán, èyí tó bá sún mọ́ àárín, eyín ẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré, èyí tó bá wà létí á tóbi, torí àárín wíìlì kẹ̀kẹ́ kì í rìn jìnnà tó etí ẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, na gíráàfù ẹ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn, wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín.


ỌmọOjúSánmà, 1:29 ọ̀sán

HAAA. Àǹtí ẹ ṣeun ẹ kú ọgbọ́n. Èyí tó wà létí pátápátá eyín ẹ̀ tóbi ju ti àárín lọ dáadáa. Tí mo bá tún na gbogbo ẹ̀, bó bá ti dé àárín, eyín yẹn á kéré títí á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, á wá tún bẹ̀rẹ̀ ṣùgbọ́n ó ti kọjú síbòmíràn. Ó yí padà!


Àǹtí_Dátà, 1:40 ọ̀sán

Torí Oòrùn ti bọ́ sí òdìkejì ara ẹ̀ láàárín ọgọ́rin ọjọ́ yẹn, ọ̀nà tó ń yí i sí ti yí padà. Plánẹ́ẹ̀tì wo lo rí rí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀?


MiÒGbàgbọ́, 2:12 ọ̀sán

Epo bẹntiróòlù ti wọ́n, àwọn kan ń ka eyín ayùn. Kí ló kàn wá?


ÌyáOnígàrí, 2:20 ọ̀sán

Ìwọ náà ka gbogbo ẹ̀ délẹ̀ kí o tó bèèrè.


ÒgáFótò, 3:05 ọ̀sán

Ẹ kú ìjókòó. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀, ìgbéyàwó ni mo wà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ìyàwó wọlé. Tèmi ni pé, lára kámẹ́rà mi báyìí, sẹ́ńsọ̀ inú ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló máa ń sún. Tí ọwọ́ mi bá mì sọ́tùn-ún, sẹ́ńsọ̀ á sún tẹ̀ lé e, fọ́tò á jáde kedere. Kí ló dé tí wọn ò ṣe irú ẹ̀ sí satẹ́láìtì, dípò tí wọ́n fi ń bá gbogbo ara rẹpẹtẹ yẹn jìjàkadì?


AráÀkúrẹ́, 3:48 ọ̀sán

Ọ̀gá, wọ́n ti ṣe é, kékeré ni wọ́n sì fi ṣe é. ASTERIA ni orúkọ ẹ̀, JPL, ilé iṣẹ́ NASA kan, pẹ̀lú yunifásítì MIT ni. CubeSat ni, ìyẹn satẹ́láìtì kékeré, gígùn ẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 30, ìbú 20, gíga 10, bíi páálí bàtà báyìí. Oṣù kọkànlá 2017 ni wọ́n jù ú sílẹ̀ láti ISS, ibùdó tí àwọn èèyàn ń gbé lójú òfuurufú. Wíìlì kéékèèké inú ẹ̀ ló ń mú ara ẹ̀ dúró, èyí tí wíìlì ò bá wá rí mú, sẹ́ńsọ̀ wà lórí nǹkan tí iná ń sún, piezo, gẹ́gẹ́ bí ti kámẹ́rà yín gan-an. Ó dúró débi pé mímì ẹ̀ ò ju nǹkan bí ìdajì arcsecond lọ láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ìgbóná sẹ́ńsọ̀ náà, wọ́n mú un dúró kó má kọjá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún dígírì sókè sódò, torí tí sẹ́ńsọ̀ bá gbóná sí i, kóńgò náà ti fẹ̀ nìyẹn, bí ìràwọ̀ ò tiẹ̀ sún rárá.

Páálí bàtà yẹn rí òjìji plánẹ́ẹ̀tì 55 Cancri e níwájú ìràwọ̀ ẹ̀. Wọ́n ti mọ plánẹ́ẹ̀tì náà tẹ́lẹ̀ o, ṣùgbọ́n CubeSat ò ṣe irú ẹ̀ rí. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní kó lò, ó lo nǹkan bí ọdún méjì.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ọdún 2017 yẹn náà ni ti FUTA wa gòkè, Nigeria EduSat-1, àwọn àti yunifásítì Kyutech ní Japan ló jọ ṣe é, láti ISS kan náà ni wọ́n ti jù ú sílẹ̀, kúùbù sẹ̀ǹtímítà 10 péré. Mi ò sọ pé iṣẹ́ kan náà ni o, tiwa jẹ́ ti kíkọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé ohun tó wà láàárín páálí bàtà tó rí plánẹ́ẹ̀tì àti kúùbù tí kò lè rí i, kì í ṣe bí gíláàsì tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ ṣe tóbi tó. Dídúró jẹ́ẹ́ ni.


Àǹtí_Dátà, 4:30 ìrọ̀lẹ́

AráÀkúrẹ́, mo gbà, ṣùgbọ́n má fọwọ́ rọ́ gíláàsì sẹ́yìn jù. Ìmọ́lẹ̀ máa ń wá ní ẹyọ ẹyọ bí òjò, tí o bá ka ẹyọ díẹ̀, àṣìṣe ẹ̀ á pọ̀. Kepler fẹ́ kí àṣìṣe má ju ìdá 20 nínú mílíọ̀nù lọ láàárín wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Kí ìyẹn tó ṣeé ṣe, o gbọ́dọ̀ ka ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tó ju bílíọ̀nù méjì lọ, nípa ìṣirò lásán, kí satẹ́láìtì tó mì rárá. Ìdí tí gíláàsì ẹ̀ fi fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà kan nìyẹn. ASTERIA rí tiẹ̀ torí 55 Cancri mọ́lẹ̀, o lè fi ojú lásán rí i tí òkùnkùn bá ṣú dáadáa. Gbé e sórí ìràwọ̀ Kepler, kò ní rí nǹkan kan.


ÒgáFótò, 5:11 ìrọ̀lẹ́

Ìyẹn wọlé. Ṣùgbọ́n mo lọ ka ti satẹ́láìtì àwọn ará Yúróòpù, CHEOPS, èyí tó lọ ní oṣù kejìlá 2019, wọ́n ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí àwòrán ẹ̀ ṣú bàìbàì, kò sí ní fókọ́ọ̀sì! Ẹ gbà mí. Ta ló ń náwó tó tó yẹn láti ya fọ́tò tó ṣú? Tí èmi bá gbé irú ẹ̀ fún ìyàwó ojú ọ̀nà yìí, wọ́n á lù mí.


Àǹtí_Dátà, 5:26 ìrọ̀lẹ́

Hahaha. Ọ̀gá ẹ fara balẹ̀. Tí ẹ bá da gàrí kan náà sínú kóńgò kan, ìdí kóńgò yẹn nìkan lẹ gbára lé. Tí ẹ bá fọ́n ọn ká sínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kóńgò lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó wọnú àti èyí tó yọ síta á bo ara wọn, tí tábìlì bá tiẹ̀ mì díẹ̀, àròpọ̀ ẹ̀ ò ní yí padà púpọ̀. Ìdí tí wọ́n fi jẹ́ kó ṣú nìyẹn. Èmi fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn ju ti piezo lọ, kò sí nǹkan tó ń sún nínú ẹ̀ tó máa bàjẹ́. Àléébù ẹ̀ ni pé tí ìràwọ̀ míì bá wà nítòsí, ìmọ́lẹ̀ wọn á dà pọ̀, torí náà ìràwọ̀ kan tó mọ́lẹ̀ ni CHEOPS máa ń wò lẹ́ẹ̀kan. O ò lè fi ṣọ́ ìràwọ̀ 150,000.


MiÒGbàgbọ́, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ó dáa mo ti kà á délẹ̀, Ìyá ẹ kú ìkìlọ̀. Ìbéèrè tèmi rèé, kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ní dátà K2 bàjẹ́, wọ́n wá "tún un ṣe". Ẹni tó bá ń tún dátà ṣe lè tún un ṣe títí á fi rí ohun tó ń wá, tàbí kó fi àtúnṣe pa plánẹ́ẹ̀tì gidi rẹ́. Báwo lẹ ṣe mọ̀?


Àǹtí_Dátà, 7:15 alẹ́

Ìwọ ni mo ti ń retí láti àárọ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ san gbèsè Ìyá. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ méjì, Vanderburg àti Johnson, wò ó pé satẹ́láìtì yìí ń yọ̀ lójú ọ̀nà kan náà ní gbogbo wákàtí mẹ́fà, ìràwọ̀ ń gba orí àwọn píksẹ́lì kan náà lọ, ó ń gba ibẹ̀ bọ̀, àìmọye ìgbà. Wọ́n ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ká ya gíráàfù míì: kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ àti àkókò, ìmọ́lẹ̀ àti ibi tí ìràwọ̀ wà. Ohun tó bá yọ níbẹ̀ ni kóńgò. Ìgbàkígbà tí ìràwọ̀ bá dé ibí yìí, ìmọ́lẹ̀ á dín báyìí, ẹ bu báyìí lé e. Ohun tí ÌyáOnígàrí ń ṣe fún kóńgò aládùúgbò ẹ̀ nìyẹn, kò sí ìyàtọ̀. Dátà tí àwọn kan ti sọ nù wá fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ bíi ti ìgbà tí wíìlì pé.

Òjìji plánẹ́ẹ̀tì kò mọ ibi tí ìràwọ̀ wà lórí sẹ́ńsọ̀, àkókò tiẹ̀ ló mọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ àtúnṣe ò lè tètè gbé e jẹ. Ó lè gbé e jẹ ṣá o, o ò parọ́, pàápàá tí òjìji bá gùn tó wákàtí mẹ́fà. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i ni pé wọ́n á fi ọwọ́ ara wọn gbé òjìji èké sínú dátà tí a ò tíì tún ṣe, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á wá wò ó bóyá òjìji yẹn jáde pẹ̀lú ìjìnlẹ̀ tó ní. Lẹ́yìn ìyẹn, tẹlískóòpù orí ilẹ̀ á tún wo bóyá ìràwọ̀ náà ń mì síwá sẹ́yìn bí plánẹ́ẹ̀tì ṣe ń fà á.


MiÒGbàgbọ́, 7:22 alẹ́

Hmm. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn díẹ̀. Díẹ̀.


ÌyáOnígàrí, 7:30 alẹ́

Èló ni wọ́n san fún àwọn méjèèjì yẹn lórí kóńgò mi?


AráÀkúrẹ́, 7:44 alẹ́

Ìyá ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ tó ń mì yẹn rán mi létí, ṣé ẹ mọ̀ pé Nàìjíríà ní plánẹ́ẹ̀tì tá a sọ lórúkọ? 2019 ni IAU, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé, fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láǹfààní, tiwa ni HD 43197, ìràwọ̀ ẹ̀ ń jẹ́ Amadioha, plánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ń jẹ́ Equiano. Nípa mímì ìràwọ̀ ni wọ́n fi rí ìyẹn, kì í ṣe nípa òjìji.


Bọ̀dáRewire, 7:51 alẹ́

Amadioha ti gba tiẹ̀, Ṣàngó ń bọ̀ lọ́nà. Ṣé bẹ́árìn ló pa Kepler nígbẹ̀yìn?


AráÀkúrẹ́, 8:03 alẹ́

Epo thruster ló tán, Bọ̀dá. Oṣù kẹwàá 2018. Gbogbo fífọn wákàtí mẹ́fà mẹ́fà yẹn ló jẹ ẹ́ tán. Ó ti rí plánẹ́ẹ̀tì tó ju 2,600 lọ. TESS, satẹ́láìtì NASA míì tó ń wá plánẹ́ẹ̀tì, ti gòkè kó tó kú, oṣù kẹrin ọdún yẹn.


ỌmọOjúSánmà, Ọjọ́ Àìkú, 4:36 ìdájí

Ẹ kú àìsùn o. Àǹtí, mo fi lightkurve, sọ́fítíwia tí wọ́n fi ń ṣí dátà Kepler, ṣe àtúnṣe yẹn lórí Python. Ọ̀wọ̀n tí mò ń yà tẹ́lẹ̀ ni SAP_FLUX, ìyẹn tí wọn ò tíì yọ àṣìṣe mímì kúrò lára ẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Gbogbo eyín ayùn ti lọ nínú ìràwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó dùn mí díẹ̀ ṣá.


Àǹtí_Dátà, 7:58 àárọ̀

Má jẹ́ kó dùn ẹ́. Mú ìràwọ̀ WASP-47, nínú Campaign 3 (ọ̀kan lára àwọn ibi tí K2 tẹjú mọ́), ìparí 2014 wọ 2015. Wọ́n ti mọ plánẹ́ẹ̀tì ńlá kan níbẹ̀ láti 2012, bíi Jupiter, ọjọ́ mẹ́rin àti díẹ̀ ló fi ń yí po. Tún un ṣe kí o sọ ohun tí o rí fún wa. Má gúgù ẹ̀.


ỌmọOjúSánmà, 11:49 alẹ́

Mo rí i!! Ó ń jìn sísàlẹ̀ bíi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ọjọ́ 4.16 síra wọn, kò sí eyín ayùn mọ́, wákàtí mẹ́fà ò kàn án rárá. Ṣùgbọ́n Àǹtí, nǹkan míì tún wà níbẹ̀. Mo yọ ti ńlá yẹn kúrò, ó ku àwọn kékeré kan, wọ́n jọ pé wọ́n jẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án síra wọn. Àbí thruster ni?


Àǹtí_Dátà, Ọjọ́ Ajé, 6:40 àárọ̀

Thruster kọ́. Ọjọ́ 9.03. Nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ààbọ̀ Ayé ni fífẹ̀ ẹ̀. Àwọn awò-awọ̀nàjíjìn orí ilẹ̀ tó kọ́kọ́ wá sórí ìràwọ̀ yẹn ò rí i, K2 tó ń yọ̀ kiri yẹn ló rí i ní 2015, àwọn ará ìta bíi tìẹ tó ń wo dátà lórí Planet Hunters ló sì kọ́kọ́ kófìrí ẹ̀. Ẹ̀kẹta ṣì wà níbẹ̀ o, ìyẹn kì í tó ọjọ́ kan yí po, 0.79, ìjìnlẹ̀ ẹ̀ ò ju nǹkan bí igba nínú mílíọ̀nù lọ. O ò lè fi ojú rí i bó ṣe wà yẹn, o gbọ́dọ̀ gé gíráàfù sí ọjọ́ 0.79 0.79 kí o kó gbogbo ẹ̀ lé ara wọn. Kí o tó ṣe bẹ́ẹ̀, yọ gbogbo ìṣẹ́jú tí thruster fọn kúrò.


ỌmọOjúSánmà, 6:44 àárọ̀

Dátà mi ti tán, méjìlá òru ni tòru máa ṣí. Ẹ má ti ọ̀rọ̀ yìí pa o.